Kí ni gbogbo owó tí wọ́n ń fi kún bíìlì ilé oúnjẹ?

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo kó màmá mi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì lọ sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Ìkòròdú, kò jìnnà púpọ̀ sí Sàbó. Inú ilé náà tutù, àga rẹ̀ dára, wọ́n sì fún wa ní mẹ́núù tí wọ́n ya àwòrán oúnjẹ sí. A kà á dáadáa kí a tó pe oúnjẹ, nítorí pé màmá mi kì í jókòó jẹun níbi tí kò bá ti mọ iye tí òun máa san. Àròpọ̀ gbogbo ohun tí a pè jẹ́ ₦28,000. Nígbà tí bíìlì dé, ₦35,300 ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màmá mi gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó ka orúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé kò sí èyí tí a kò jẹ níbẹ̀, ó wá bi ọmọbìnrin tí ó gbé oúnjẹ fún wa pé, “Ọmọ mi, ta ló jẹ ẹgbẹ̀rún méje àti ọ̀ọ́dúnrún yìí?” Ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ má bínú, mà, bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn.”

Ìdáhùn yẹn kò lè tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, mo sì rò pé ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kò rí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa, pàápàá àwa tí búkà ti mọ́ lára láti kékeré, ló ń san irú owó yìí pẹ̀lú ìbínú tàbí pẹ̀lú ìtìjú. Àwọn kan gbà pé ìjọba ló ń kó gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ilé oúnjẹ ló ń fi gbogbo rẹ̀ rẹ́ àwọn jẹ. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. ₦7,300 tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ wa pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ₦2,100 jẹ́ owó orí ti ìjọba àpapọ̀, ₦1,400 jẹ́ owó orí ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ₦2,800 jẹ́ ti ilé oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, ₦1,000 tó kù sì jẹ́ owó páàkì méjì tí wọ́n fi di èyí tí àwọn ọmọ kò jẹ tán. Méjì àkọ́kọ́ dúró lórí òfin owó orí, méjì tó kù dúró lórí àdéhùn láàárín olóúnjẹ àti oníbàárà, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn kò lè mọ èyí tí òun lè jiyàn lé lórí.

Ní búkà, ọ̀rọ̀ yìí kì í wáyé. Ẹ wo bí ó ti ń rí ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ní agogo méjìlá ọ̀sán: ìyá olóúnjẹ jókòó ti ìkòkò, àmàlà wà nínú kúlà, ooru rẹ̀ ń jáde bí wọ́n bá ti ṣí ọmọrí, ẹ̀yin náà ń fi ìka tọ́ka sí ohun tí ẹ fẹ́. “Àmàlà méjì, ẹ da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú, ẹ fún mi ní ṣàkì kan àti pọ̀nmọ́ kan.” Bí ó ti ń bù ú ni ó ń ṣírò rẹ̀ lórí, kí abọ́ tó dé ọwọ́ yín ni ẹ ti gbọ́ iye rẹ̀, iye tí ẹ gbọ́ náà ni ẹ ó sì san. Kì í ṣe pé ìyá olóúnjẹ kò ní ìnáwó. Owó gáàsì wà níbẹ̀, owó èédú, owó omi, owó ọmọ tí ń fọ abọ́, owó ṣọ́ọ̀bù, àti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún un nínú ọjà. Ó ti pín gbogbo rẹ̀ sórí òkèlè àti ẹran kí ó tó pe iye fún yín, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i.

Òfin pàápàá lọ́wọ́ sí bí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí òfin Finance Act 2019 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníṣòwò tí gbogbo ọjà tí ó ń tà láàárín ọdún kan kò bá tó ₦25 mílíọ̀nù kò sí lábẹ́ ọ̀ranyàn láti máa gba VAT, ìyẹn owó orí ti ìjọba àpapọ̀ tí mo dárúkọ lókè, lọ́wọ́ oníbàárà, àwọn òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 sì tún gbé ààlà náà ga sí i. Ọ̀pọ̀ búkà àdúgbò wa ló wà nísàlẹ̀ ààlà yìí. Bí búkà kékeré kan bá wá sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ fi VAT kún owó àmàlà, kò burú bí ẹ bá béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ owó orí rẹ̀ kí ẹ tó san án.

VAT ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀, nítorí òun ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù. Òfin ológun kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1993 ló dá a sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù kìíní ọdún 1994. Ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni ó di ìdá 7.5 nínú 100, àwọn òfin tuntun ti ọdún 2025 kò sì yí iye yẹn padà. Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n ti gbọ́ pé kò sí VAT lórí oúnjẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a kò tíì sè fún títà ni òfin ń sọ. Iṣu tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣu ní ọjà kò ní VAT lórí. Iyán tí wọ́n fi irú iṣu kan náà gún fún yín ní ilé oúnjẹ ní VAT lórí, nítorí pé kì í ṣe iṣu nìkan ni ẹ rà mọ́, ẹ ti ra iṣẹ́ ẹni tí ó gún un, ọbẹ̀, àga àti àyè tí ẹ jókòó sí. Ilé oúnjẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi owó náà sí àpò ara rẹ̀. Agbowó lásán ni ó jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kó o fún iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí FIRS tẹ́lẹ̀, tí òfin tuntun sì sọ di Nigeria Revenue Service.

Owó orí kejì jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, òun ni ó sì máa ń ya àwọn àlejò tí ó wá láti ìlú mìíràn lẹ́nu. Ní ọdún 2009, nígbà ìṣèjọba Gómìnà Babátúndé Raji Fáṣọlá, ìpínlẹ̀ wa ṣe òfin kan tí ó pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, tí ó jẹun ní ilé oúnjẹ, tàbí tí ó lo gbọ̀ngàn ayẹyẹ, san ìdá 5 nínú 100 lórí ohun tí ó ná. Consumption tax ni wọ́n máa ń kọ sórí rìsíìtì fún un, LIRS, iléeṣẹ́ owó orí ti ìpínlẹ̀, ni ó sì ń gbà á. Àwọn onílé ìtura bá ìjọba dé ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀, wọ́n ní owó orí méjì ni wọ́n ń gbà lórí oúnjẹ kan ṣoṣo. Mo gbà pé ẹ̀dùn ọkàn wọn ní ìtumọ̀, nítorí pé oníbàárà kan náà ni ó ń san méjèèjì lórí àwo kan náà. Bí ẹ bá rí méjèèjì lórí rìsíìtì, àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdá 12.5 nínú 100, ẹni tí ó gbé oúnjẹ fún yín kò sì ní agbára láti yọ ọ́ kúrò bí ó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó.

Service charge, ìyẹn ₦2,800 ti ilé oúnjẹ náà nínú bíìlì wa, ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ jù, nítorí pé àárín owó orí méjèèjì ni wọ́n máa ń tò ó sí, tí ojú oníbàárà á fi gbà pé ìjọba ló ni ín. Kì í ṣe owó orí rárá. Kò sí òfin owó orí kan tí ó ní kí ilé oúnjẹ gba ìdá 10 nínú 100 lọ́wọ́ yín fún pé wọ́n gbé oúnjẹ wá sórí tábìlì. Ilé oúnjẹ ló fi í lélẹ̀, òun náà ló yan iye rẹ̀. Àwọn kan ń gba ìdá 5, àwọn kan ń gba ìdá 10, àwọn mìíràn kò sì gba nǹkan kan. Ohun tí ó mú kí ó bá òfin mu ni pé kí oníbàárà ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó pe oúnjẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú mẹ́núù kedere, tí ẹ sì jókòó, tí ẹ pe oúnjẹ, ẹ ti gbà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé orí bíìlì ni ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè fi dúró, ẹ sì lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí wọ́n pe ọ̀gá ilé náà fún yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún gbà pé owó yìí ń dọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń gbé oúnjẹ káàkiri, nítorí náà wọn kì í fún wọn ní nǹkan kan mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dìde. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní àwọn ilé oúnjẹ kan, ọ̀gá máa ń pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìparí oṣù. Ní àwọn mìíràn, inú owó ilé oúnjẹ ni ó ń wọ̀ tààrà, wọ́n ń fi í ra dísù tàbí wọ́n ń fi í ra abọ́ mìíràn rọ́pò àwọn tó fọ́. Owó tí ẹ bá fi ìfẹ́ inú yín fún ẹni tí ó tọ́jú yín jẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi agbára gbà á. Ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá nǹkan kan ń kàn án nínú service charge. Wọ́n máa ń dáhùn ìbéèrè yìí lóòótọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí.

Bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà tún ń fa ìyàtọ̀. Nínú bíìlì wa, wọ́n ṣe ìṣirò owó orí méjèèjì àti service charge lórí ₦28,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦34,300 kí wọ́n tó fi owó páàkì kún un. Àwọn ilé oúnjẹ mìíràn máa ń kọ́kọ́ fi service charge kún owó oúnjẹ, yóò di ₦30,800, wọn a sì wá gba ìdá 12.5 lórí èyí. Àbájáde rẹ̀ yóò jẹ́ ₦34,650. Oúnjẹ kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦350. Ìyàtọ̀ yìí kéré lórí tábìlì ẹni mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba àlejò ọgbọ̀n fún ìsọmọlórúkọ yóò rí i pé owó gidi ni.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò nínú mẹ́núù ni ìlà kékeré tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tàbí ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bóyá owó orí ti wà nínú iye oúnjẹ tàbí wọn yóò fi kún un. Bí wọ́n bá ti kà á mọ́ ọn, ohun tí ẹ rí ni ẹ ó san. Ká ní iyán àti ẹ̀gúsí jẹ́ ₦10,750, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé VAT ti wà nínú rẹ̀. ₦10,000 ni owó oúnjẹ, ₦750 ni VAT. Àwọn kan máa ń ṣe àṣìṣe níbí: wọ́n á wá ìdá 7.5 nínú ₦10,750, wọ́n á rí ₦806 àti kọ́bọ̀ díẹ̀, wọ́n á sì rò pé wọ́n ti yan àwọn jẹ. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ẹ fi 1.075 pín iye tí ẹ rí, èyí yóò fi owó oúnjẹ gan-an hàn yín. Tí ó bá jẹ́ pé owó orí ti ìpínlẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, 1.125 ni ẹ ó fi pín in.

Òfin tí ó dáàbò bo oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018. Apá 115 nínú rẹ̀ ní kí ẹni tí ó bá ń ta ọjà tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ fún aráàlú fi iye rẹ̀ hàn kedere, kò sì gbọdọ̀ gba iye tí ó ju èyí tí ó fi hàn lọ. Òfin yìí ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò oníbàárà, gùn lé ní oṣù kejì ọdún 2024 nígbà tí wọ́n ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá nítorí pé iye tí ó wà lára pẹpẹ ọjà yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń gbà níbi ìsanwó. Mẹ́núù ni pẹpẹ ọjà ilé oúnjẹ. Èmi kò rí ìdí tí iye tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò fi ní so wọ́n bí iye orí pẹpẹ ti so onílé ìtajà yẹn. Fún ìdí yìí, bí wọ́n bá sọ fún yín pé iye inú mẹ́núù ti pẹ́, pé oúnjẹ ti wọ́n sí i, ẹni tí kò tún mẹ́núù rẹ̀ tẹ̀ ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tí ó kà á.

Owó páàkì ti pọ̀ sí i láti bí ọdún díẹ̀, ó sì ní ìdí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn ti fòfin de páàkì funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń di ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín, ìyẹn styrofoam, nítorí pé ó ń dí gọ́tà, ó sì ń fa àgbàrá sí òpópónà. Àwọn olóúnjẹ ní láti lọ ra páàkì onírọ́bà líle tàbí èyí tí wọ́n fi páálí ṣe, tí ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí ó burú bí wọ́n bá gba owó rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó di oúnjẹ. Ẹ̀yin náà lè gbé abọ́ tiyín láti ilé. Mo ti rí i ní búkà púpọ̀, ìyá olóúnjẹ kì í kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún bù lé e díẹ̀.

Lórí owó tí àwọn kan ń fi kún un bí ẹ bá fi káàdì san án, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi hàn pé oníṣòwò ni ó ń ru owó tí báńkì ń gbà lórí ẹ̀rọ POS rẹ̀, kì í ṣe oníbàárà. Ẹ lè kọ̀ ọ́.

Rìsíìtì ni ẹ̀rí yín, nítorí náà ẹ má ṣe gba ìwé pélébé tí wọ́n fi bíírò kọ àròpọ̀ nìkan sí. Ilé oúnjẹ tí ó bá ń gba VAT gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà owó orí rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ jẹun, iye oúnjẹ, àti iye VAT ní ìlà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà owó orí kò bá sí níbẹ̀, ìbéèrè wà nílẹ̀ nípa ibi tí owó tí wọ́n pè ní VAT ń lọ. Ẹ ya fọ́tò mẹ́núù náà pẹ̀lú kí ẹ tó dìde, ojú ìwé iye oúnjẹ àti ìlà kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé ohun méjèèjì ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín bí ẹ bá gbé ẹjọ́ lọ sí FCCPC tàbí LASCOPA, àjọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún ààbò oníbàárà.

A tún padà lọ sí ilé oúnjẹ náà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, màmá mi ló sì ní kí a lọ, torí pé ẹja tútù wọn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò jókòó. Ó dúró létí tábìlì, ó bi ọmọbìnrin ọjọ́ kìíní yẹn pé, “Owó inú ìwé yìí, ṣé òun náà ni a ó san, àbí ẹ ó fi nǹkan mìíràn lé e?” Ọmọbìnrin náà ṣí mẹ́núù sí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó fi ìka sí ìlà kan tí ó kéré débi pé màmá mi ní láti yọ gíláàsì rẹ̀ jáde, ó sì kà á fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: VAT, owó orí ìpínlẹ̀, service charge. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá yí sí mi, ó ní kí n mú fóònù mi jáde kí n bá òun ṣírò iye tí ẹja náà yóò jẹ́ tí gbogbo rẹ̀ bá gorí ara wọn, kí òun tó jókòó.